Ọ̀rá Tí A Kò Já

Páálí kan dé sí Tampere láti Busan.
Pentti mọ ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ kó tó tú u.
Ogún ọdún lòun àti Gu Tae-sik fi ṣe pàṣípààrọ̀,
àpótí páànù kan fún méjì onípáálí,
ẹ̀dà àkànṣe, nọ́ńbà lára, ọ̀rá lára,
wọn ò fojú kanra rí.

Ọmọ Gu ló kọ̀wé lọ́tẹ̀ yìí:
"Bàbá ti lọ sinmi. Ẹ gba tiyín padà."

Pentti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti já ọ̀rá rẹ̀!
Ipa àtàǹpàkò wà lójú díìsì,
àbàwọ́n tíì létí ìwé inú rẹ̀.
Gu ti wò ó. Ó ti wò ó tẹ́rùn.

Ó gbójú sókè sí pẹpẹ tirẹ̀,
irinwó sinimá, bí àwo àlejò
tí àlejò kan ò jẹun nínú rẹ̀ rí.
Raili a máa sọ fún un nígbà ayé rẹ̀ pé
"Ò ń ṣọ́ wọn ni, o ò wò wọ́n."

Ó mú ọ̀bẹ ìpẹja. Ó já ọ̀kan.

Ẹ̀rọ gbé díìsì mì, ó kùn díẹ̀, ó ní
èyí kì í ṣe ti agbègbè yín.

Pentti jókòó sínú ìmọ́lẹ̀ búlúù náà,
ẹ̀rín ń pa á,
kò pa ẹ̀rọ.