Ààyè Tó Ń Rìn

Dókítà Ọbajẹ́mu fi ṣọ́ọ̀kì to àmì róbótó-róbótó sójú pátákó,
ó ní, "Kirisitali nìyí. Ẹ má wo ẹyọ kan, ètò ni kí ẹ wò."
Àwa mẹ́tàdínlógún la wà ní kíláàsì, ní Kàbà,
iná ti lọ láti àárọ̀,
ìwé la fi ń fẹ́ ara wa.
Mo da àmì náà kọ. N kò rí ètò kankan.
Ṣọ́ọ̀kì ni mo rí.

Ní Sátidé mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìyàrá.
Bàbá mi ti kọ ebè dé ìdí igi ẹmi.
Mo gun àpáta tí a máa ń sá èlùbọ́ sí,
mo bojú wolẹ̀.
Ebè tò lọ, ebè tò bọ̀.
Mo sún ẹsẹ̀ kan:
ìlà mìíràn yọ, ó dábùú oko
bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un kọ.
Mo tún sún: òmíràn.
Bẹ́ẹ̀ ebè kan kò kúrò lójú kan,
èmi nìkan ni mo rìn.
Mo kígbe, "Pléènì! Pléènì rèé!"
Bàbá mi fi ọwọ́ ṣíji bojú,
ó ń wá bàálù lójú ọ̀run.

Lọ́dún yìí, ẹnì kan dín nínú wa.
Ìbítóyè ti lọ Àbújá, ó ń wa táásì.
Ìlà tó máa ń kọ, èmi ni mo bọ́ síbẹ̀.
Tèmi, Rẹ̀mílẹ́kún bọ́ síbẹ̀
pẹ̀lú ọkọ́ tó wúwo jù ú lọ.
Tirẹ̀ ló wá ṣófo, nísàlẹ̀, lẹ́bàá odò.
Òkè ni ẹ̀gbọ́n mi ti kúrò,
ìsàlẹ̀ ni ààyè ti ṣí.
Bí a ṣe ń sún síwájú
ni ààyè ń rìn sẹ́yìn;
kò lẹ́sẹ̀, ó ń rìn,
kò sí níbẹ̀, a ń kà á mọ́ra.
Màmá mi ṣì ń bu iyán rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ohun tí Dókítà ń pè ní ihò nìyẹn,
tó ní ó ní ìwúwo tirẹ̀,
tó ní ó ń gbé iná,
tí mo rò pé àwàdà ni.

Ìdánwò di Ọjọ́rú. Ìṣirò ojú ewé kẹrìnlélógójì
ṣì ń bá mi jà; oko kò ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀.
Lálẹ́, mo ń kàwé lábẹ́ gílóòbù sólà
nígbà tí fóònù dún.
"Ọ̀kun o," Ìbítóyè ní. "Ẹ ti kọ ebè tán?"
Mo ní, ó ku ìlà kan.
"Ìlà ta ni?"
Mo fi bírò kan ìwé, mo dákẹ́ díẹ̀.
Mo ní, tìrẹ ni.
Àmọ́ ó ti sún.