Àmì Ìmí

Àkúrẹ́, l'Ókè-Ìjẹ̀bú,
mo ń da ìwé orin Bàbá Akínrìnlọlá kọ sínú kọ̀ǹpútà:
dò, dò, mí, re.
Lẹ́ẹ̀dì àti rúlà ló fi kọ ọ́,
ìlà rẹ̀ gún bí ebè tuntun.

Ẹ̀rọ gbé e, ó kọ ọ́ jálẹ̀,
kò gbé itọ́ mì.

Mo wá rí kọ́mà tíntín
láàárín "oore" àti "ọ̀fẹ́".
Bàbá, ta ní ń mí síbẹ̀ yẹn?
Ó rẹ́rìn-ín. "Fẹ́hìntọlá ni.
Ikọ́ fée kì í jẹ́ kó dé ìparí.
Gbogbo wa a sì dúró dè é."

Ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti sin ín.

Mo wá lẹ́ẹ̀dì lójú ẹ̀rọ,
ó wà ní kọ̀rọ̀ lókè;
mo fi kọ́mà náà sáyè rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀dọ̀fóró
dúró dè é.