Mẹ́sàn-án Tàbí Mẹ́wàá

Òrùlé ni mo wá tún ṣe nílé Meinir.
Mo ti gbé àkàbà ti ògiri,
mo ti fi eyín di ìṣó mẹ́ta mú,
ló bá yọjú lójú fèrèsé:
"Sọ̀ kalẹ̀. Atẹ́gùn ti yí padà láti òru.
Òrùlé á dúró dè ọ́. Ẹyẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gba ọ̀nà etí òkun,
ọ̀nà tóóró tí kò gba ẹni méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn,
òkun lọ́wọ́ òsì, pápá àgùntàn Tudwal lọ́wọ́ ọ̀tún,
koríko etí ọ̀nà ti pọ́n bí irin tó dípẹtà.
Àsìkò ìwọ́wé ni. Òtútù kò tíì wọ eegun,
etí nìkan ló ń ta wá.

Ó fi awò ọkọ rẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn.
Ó wúwo; gíláàsì ojú òsì rẹ̀ ti sán.
Ọdún mẹ́fà rèé tí Gwyndaf ti lọ,
kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe,
ó ní bí Gwyndaf ṣe máa ń di ojú òsì wo ayé nìyẹn.

Alápàńdẹ̀dẹ̀ la kọ́kọ́ rí,
wọ́n tò sórí wáyà bí èrò tó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì
tí ọkọ̀ kò sì tíì dé.
Mo ní, níbo ni wọ́n ń lọ?
Ó na ọwọ́ sí gúúsù, sórí omi, kò fọhùn.
Mo rántí Lowri ọmọ mi ní Ọsirélíà,
tí kì í pè lọ́jọ́ Àìkú mọ́.

Ẹyẹ funfun kan, ṣóńṣó apá rẹ̀ dúdú,
pa ìyẹ́ mọ́ra lókè, ó já lu òkun bí òkúta.
Mo figbe ta. Meinir rẹ́rìn-ín:
"Oúnjẹ ọ̀sán ló lọ rà."

Àmọ́ àwọn tí a tìtorí wọn jáde yàtọ̀:
àwọn ẹlẹ́nu gígùn tó tẹ̀ bí dòjé,
tí igbe wọn dà bí kẹ́tùlù tó ń hó nílé aládùúgbò.
Ó ṣí ìwé. Ọdún tí wọ́n gbéyàwó: irínwó ó lé méjìlá.
Ọdún tí Gwyndaf kú: mọ́kànlélógójì.
A kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹrẹ̀ ní Porth Helyg títí omi fi fà,
a kà wọ́n, a tún wọn kà.
Mẹ́sàn-án.

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.
Òótọ́ ni. Ojú ọ̀run tó.
Ta ló bi wọ́n léèrè bóyá ilẹ̀ tó wọn bà sí?

Kò sunkún o. Bisikíìtì ló yọ,
ó dá a sí méjì, ó fún mi ní èyí tó kéré,
ó wá dojú èébú kọ ajá Tudwal
tó ń sáré kiri etí omi bí ẹni tó ni ín.

Bí a ti ń padà, ilẹ̀ ń ṣú,
igbe kan ta lókè orí wa, ẹyọ kan péré,
ó ń bọ̀ láti àríwá.
Mo ní, "Ìkẹwàá nìyẹn."
Ó ní, "Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án."
Mo ní mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wà lẹ́yìn wa, nínú ẹrẹ̀.
A jiyàn títí dé ẹnu géètì.
Ó kọ mẹ́sàn-án sínú ìwé,
ó wá fi àmì ìbéèrè kékeré kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́,
irú èyí tí n kò rí lójú ewé kankan ṣáájú.

Òjò rọ̀ mọ́jú.
Nígbà tí mo padà gbé àkàbà láàárọ̀,
korobá tó gbé sábẹ́ ibi tó ń jò ti kún dé ẹnu,
fèrèsé rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.