Àlejò Lójú

Ní Vágur, ní Erékùṣù Fáróè,
níbi tí òkè ti bọ́ sínú òkun láì wẹ̀yìn,
Armgarð ń ta òwú irun àgùntàn lórí ayélujára.
Èmi Eyðun, ọmọ àbúrò rẹ̀, ni mo kọ́ ìkànnì náà.
Mo mọ gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ lókùnkùn.

Oṣù mẹ́ta, iye kan náà:
nínú ọgọ́rùn-ún àlejò, mẹ́ta ló ń rajà.
Mo fi ìlà tó ń gòkè tó ń já bọ́ hàn án.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí súẹ́tà nù ún.
"Iye yìí sọ pé wọ́n lọ.
Ta ni yóò sọ ohun tó lé wọn fún mi?"

Mo bá ra ẹ̀rọ tó ń gba ipa ẹsẹ̀ àlejò sílẹ̀.
Kì í ya ojú, kì í gbọ́ ohùn.
Ẹni tó bá tẹ orúkọ, ìràwọ̀ ló ń tò síbẹ̀.
Armgarð ní ká kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà:
*A ń wo ibi tí ẹ ń gbà. Bí ẹ bá kọ̀, ẹ tẹ ibí, a ó dijú.*
Ogún nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀.
A dijú.

Lálẹ́, òjò ń na fèrèsé,
mò ń wo ọfà funfun tó ń rìn láìsí ọwọ́.
Ọ̀kan wọlé láti Aarhus, ó ń wá owó ìfiránṣẹ́,
ó lọ, ó bọ̀, bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù.
Mo pariwo: "Ìsàlẹ̀! Wo ìsàlẹ̀!"
Àná ni mò ń bá wí. Ó ti lọ.
Òmíràn wá pẹ̀lú fóònù,
àtàǹpàkò rẹ̀ bo bọ́tìnì mẹ́ta pọ̀,
ó tẹ "Rà á" lẹ́ẹ̀mẹsàn-án;
àlàfo àárín títẹ̀ ń kúrú, ń kúrú,
ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé inú ń bí i.

Wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.
Lóru ọjọ́ náà, èmi onílé ni òwe yẹn bá wí.

Mo gbé owó ìfiránṣẹ́ sókè.
Mo ya àwọn bọ́tìnì sọ́tọ̀, kí àtàǹpàkò lè mí.
Mẹ́ta di mẹ́fà. Armgarð ra òṣùwọ̀n tuntun.

Ó ku ẹnì kan.
Láti Kánádà ni, ní aago méjì òru wa.
Kì í wo òwú, kì í bèèrè iye.
Àwòrán àtijọ́ kan ló ń lọ bá tààrà:
ìyá Armgarð lẹ́nu ọ̀nà, àgbò kan, fèrèsé kan.
Ó ń tẹ̀ ẹ́. Àwòrán kì í ṣe bọ́tìnì.
Ó tún tẹ̀ ẹ́. Oru mẹ́rìnlá.
Nínú ìṣirò mi, "àṣìtẹ̀" ni orúkọ rẹ̀.

Armgarð wò ó, ó fọwọ́ bo ẹnu.
"Kó tóbi ló ń fẹ́.
Ọmọdébìnrin kan wà nínú fèrèsé yẹn, ẹ̀yìn kọ́tìnì."
Mo ní, "Ta ni?"
Ó ní, "A ti kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé ẹsẹ̀ là ń wò.
Má bi mí ní ojú."

Mo ṣe é kó lè tóbi.
Lóru ọjọ́ kejì, ọfà dé. Ó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.
Àwòrán kún ojú kọ̀ǹpútà bámúbámú.
Ọfà rọra rìn dé orí fèrèsé, ó dúró.
Ìṣẹ́jú mẹ́fà, kò mira.
Lẹ́yìn náà ó lọ.
Ìwé ìṣirò kọ ọ́ sílẹ̀: *àlejò kan, kò rajà.*

Armgarð ní, "Pa ẹ̀rọ yẹn lójú ewé ìyá mi."
Mo pa á.
Láti ìgbà náà, bí aago bá lu méjì,
n kò mọ̀ bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀.