Aṣọ Kan Ṣoṣo

Aṣọ kan ṣoṣo lowó wa ká,
aláwọ̀ wúrà, ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja,
kò tilẹ̀ gbìyànjú àtidé orúnkún.
Krisánto tó ń darí eré pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan:
"Má jẹ̀ẹ́ kó ya kí a tó ya ìjà kẹta."
Mo ní, ìjà mélòó ló wà níbẹ̀?
Ó wolẹ̀. Ó ní mẹ́tàdínlógún.

Bí wọ́n ti ń ya eré, bẹ́ẹ̀ laṣọ ń ya,
abẹ́rẹ́ mi ń sáré tẹ̀lé méjèèjì.

Ilé ìkẹ́rù la háyà ní Nafótàs, létí èbúté Màníla,
òórùn ẹja ò jẹ́ ká mọ ẹni tó wẹ̀.
Páálí fíríìjì la tò síbi tí àwọn ọ̀daràn yóò já sí.
Ìbọn méjì: igi lọ̀kan,
èkejì ò fojú kan ọta rí láyé rẹ̀.
Ẹ̀jẹ̀ wa, ṣúgà sísè àti aró pupa.
Èèrà gbọ́. Wọ́n tò wọlé,
òkú mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í họra,
a tún un ya lẹ́ẹ̀mẹta.

Ta ní í rí ìyẹn nínú pósítà?
Nínú pósítà, Perlita gbẹ́sẹ̀ ga ju òkè tó ń tu iná lọ,
afẹ́fẹ́ tí ẹnì kan ò rí ń gbé irun rẹ̀.
Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.
Orúnkún rẹ̀ ò ka pósítà yẹn.
Èmi ni mo ń di báńdéèjì mọ́ ọn láràárọ̀
kí n tó fa ìbọ̀sẹ̀ sílíkì bò ó;
mo mọ iye ọdún tó wà nínú eegun.
Lẹ́yìn ìwé eré ló ti ń ṣírò owó iléèwé ọmọ rẹ̀.

Ìjà kẹsàn-án ni mo fẹ́ sọ.
Berto ni kó ju ẹ̀ṣẹ́, kó fi ìka mẹ́ta yẹ ojú rẹ̀ sílẹ̀.
Wọ́n ti dán an wò nígbà ogún.
Ẹ̀ṣẹ́ dé. Kò yẹ̀.
Ohùn rẹ̀ ò jọ èyí tí a ń fi igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe.
Krisánto ò ní ká dúró.
Perlita ò ṣubú.
Ó yí,
lórí bàtà gogoro tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ní ìdájí,
ó yí bí ilẹ̀kùn tí ìjì já gbà,
ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé Berto lọ bá àwọn páálí.
Kámẹ́rà wa, arúgbó tó máa ń wúkọ́,
pa ikọ́ rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó bá a dé ibi páálí,
ẹ̀jẹ̀ tòótọ́ ń kán sí èjìká aṣọ mi,
èèrà ò tiẹ̀ wò ó.
A rò pé yóò bú u ni.
Ó ní, "O ti jẹun lónìí?"
Berto mirí.
Agolo ìrẹsì rẹ̀ ni wọ́n jọ jẹ, tútù, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ,
ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló fi ń jẹ ẹ́,
ìpéǹpéjú àtọwọ́dá kan ṣì wà lójú rẹ̀,
èkejì ti bá ìjà lọ.

Omi tútù, iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́:
mo fọ aṣọ títí ilẹ̀ fi mọ́.
Ẹ̀jẹ̀ gidi lórí kunkun.
Mo gé kọ́tìnnì pupa, mo rán òdòdó lé e.
Ìjà mẹ́jọ ló kù.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, sinimá kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò,
èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tí a ti sunkún,
ṣùgbọ́n wọ́n dìde fún ẹsẹ̀ yẹn.
Ọmọkùnrin kan tí ẹ̀pà kún ẹnu rẹ̀
nàka sí ògiri funfun, ó yíjú sí mi:
"Màmá, òdòdó yẹn ò sí léjìká rẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Mo ní, rárá.
Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni.