Kí Ọjọ́bọ̀ Tó Pé

Ọjọ́bọ̀ ni. Rédíò ti sọ ọ́ ní gbogbo èdè.
Ìràwọ̀ tó ń bọ̀ ti yọ lójú ọ̀run,
ó tó ẹyọ àgbàdo kan, ó funfun bí eyín ọmọdé.
Mo wọ ọkọ̀ ojú omi tó kẹ́yìn lọ sí erékùṣù Chiloé,
àwa mẹ́fà àti ajá kan. Ẹnikẹ́ni ò gbowó ọkọ̀.

Ìyá mi wà lóko ọ̀dùnkún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kẹ̀yìn sí òkun.
Ọdún mọ́kànlá. Kò nàró.
"Nolberto, o ti jẹun?"
bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé ni mo lọ.
Ó na ọkọ́ kejì sí mi.

Òjò Chiloé kì í rọ̀, ara ni ó máa ń jókòó síni.
Mo ní, "Màmá, irúgbìn wo lẹ tún ń gbìn?
Yóò tó oṣù márùn-ún kó tó ta."
Ó nuwọ́ sáṣọ.
"Oṣù yìí la máa ń gbìn ín. Ṣé kí n gbìn ín lóṣù mìíràn ni?"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Audelio ará òkè odò dé,
ó gbé ayùn tó yá lọ́wọ́ bàbá mi wá,
ọdún kẹsàn-án rèé. Ó ti dípẹtà.
Màmá bú u títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà,
ó wá di búrẹ́dì fún un, ó ní kó bá òun kí ìyàwó.
Bí gbogbo àdúgbò ṣe rí lọ́sẹ̀ náà nìyẹn:
ìkòkò ń padà sílé, àkàbà ń padà sílé,
obìnrin kan dá ẹyin mẹ́rin padà
tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́.

Èmi náà jẹ gbèsè.
Mo ń fi epo pa ìdè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn
tó ti ń ké láti kékeré mi,
nígbà tí mo sọ ọ́: "N ò wá síbi ìsìnkú bàbá."
Ó ń bó ọ̀dùnkún. Èèpo náà ò já.
"Bàbá rẹ ò bínú. Òkú kì í bínú. Èmi ni mo bínú."
"Ṣé ẹ ṣì ń bínú?"
"Ọjọ́ méjì ló kù. Jẹ́ kí n rò ó."

Ọjọ́bọ̀ dé, àwọn ẹyẹ ò sùn.
Ìràwọ̀ náà tó ọsàn, ó tó àwo;
òjìji ìyá mi di méjì lára ògiri,
ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àtùpà, ọ̀kan láti ojú fèrèsé.
Ó pa rédíò. Ó ní bátìrì wọ́n.
Ó fọ àwo méjèèjì, ó nù wọ́n gbẹ,
ó tò wọ́n síbi tí wọ́n máa ń wà.
Ó mú ẹ̀wù òtútù bàbá mi, onírun àgùntàn,
ó gbé e bọ̀ mí lọ́rùn, èmi ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì,
ó fa ọwọ́ ẹ̀wù náà, ó yẹ̀ mí wò.
"Ó kúrú díẹ̀. Kò burú. Òtútù wà níta."

A ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.
Kò ké.
Ó dúró, ó tì í, ó tún ṣí i,
ó ń tẹ́tí.