Ìlà Funfun Lára Púlì

Aago mẹ́fà ti kọjá, a ṣì ń dúró de òkùnkùn.
Ọ̀gá Mùfútáù ní ojú ọ̀sán kì í jẹ́ kí tọ́ọ̀ṣì táímìn sọ òótọ́.
A jókòó sórí táyà, lẹ́yìn ojú irin, l'Óṣogbo,
à ń jẹ ẹ̀pà,
à ń wo ọkọ̀ pupa kékeré tí kò lórùlé,
tó rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè bojú wonú rẹ̀.
Bàbá Ọṣúntókun ló ni ín, akọ̀wé rélùwéè àtijọ́,
ó rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé
lọ́dún tí wọn ò tíì bí ìyá mi.
Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi sùn sábẹ́ tapólì.
Adìyẹ yé sórí ìjókòó rẹ̀,
eku jẹ wáyà rẹ̀ bí ẹni jẹ iṣu.

Láàárọ̀ mo ti fọ púlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, dúdú bí ìdí ìkòkò,
mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí ojú àmì fi yọ,
mo fi ṣọ́ọ̀kì àbúrò mi kùn ún.
Ìlà funfun kan. Kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ.

"Iná kì í dúró kí písítìn dé òkè," ọ̀gá ti wí lọ́jọ́ kìíní,
"tó bá dúró, ó ti pẹ́ nìyẹn.
Díẹ̀ ṣáájú ló gbọ́dọ̀ ta,
torí epo kì í jó lẹ́ẹ̀kan náà."
Tó bá yá jù, ẹ́ńjìnnì á máa kàn bí òkúta nínú agolo.
Tó bá pẹ́ jù, á máa gbóná, á máa húkọ́ lẹ́yìn,
kò ní gun Òkè-Baálẹ̀.

Ta ló mọ pípẹ́ tó mi?
Akólòlò ni mí. Ọ̀rọ̀ á ti jinná nínú mi,
ẹnu ò ní tíì ṣí;
ìgbà tó bá fi jáde, àwọn èèyàn ti bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ.
Ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, àwọn ọmọdé máa ń bá mi parí orúkọ mi.

Ilẹ̀ ṣú. Ọ̀gá lọ kírun, ó padà.
Mo so okùn méjì mọ́ bátìrì, ìkẹta mọ́ púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́.
Bàbá Ọṣúntókun wọlé sídìí ọkọ̀ tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ kan sítáátà.
Ó kọ̀.
Ó tún kọ̀.
Ó húkọ́ èéfín, ó jí.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo na tọ́ọ̀ṣì sí i.
Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ́jú, wàì wàì wàì,
púlì tó ń yí tójú ò lè bá
sì dúró.
Fáànù náà dúró, abẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ohun tí wọ́n yà sógiri.
Mo fẹ́ẹ̀ nawọ́ kàn án.
Ọ̀gá gbá ọwọ́ mi dànù:
"Ó ń yí o! Ojú ẹ ló dúró."

Ìlà mi wà lẹ́yìn ìka irin, ó pẹ́.
Ọ̀gá di dìsìtíríbútọ̀ mú,
ó ń yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń yí orí ọmọ tó sùn.
Ojú rẹ̀ kì í ríran kedere mọ́ lálẹ́.
"Tàfá, kí lo rí?"
Mo rí ìlà tó ń rìn bọ̀.
Mo rí i tó ku hóró ìrẹsì kan.
Mo rí i tó fẹnu kan ìka irin gẹ́lẹ́,
"Ó-ó-ó d..."
Ọ̀rọ̀ há.
Kí n tó fà á yọ, sípánà ọ̀gá ti dé orí nọ́ọ̀tì, ó ti dè é le.
"Ó dé," mo sọ fún ẹ̀yìn rẹ̀.
"Mo gbọ́," ló wí. "Èémí ẹ ló kọ́kọ́ dé."

Bàbá Ọṣúntókun ò mọ̀ pé a ò tíì tán.
Ó ti ki jíà, ó ti ń lọ sọ́nà téṣàn, láìtan iná,
tọ́ọ̀ṣì mi ń wọ́ tẹ̀lé e nínú yẹ̀pẹ̀,
ó ń ṣẹ́jú,
ó ń dá òkúta ojú ọ̀nà dúró lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo la ẹnu láti ké sí i.
Ọ̀gá ti ń rẹ́rìn-ín.